Ọrùn Tó Wú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Báwo Ni Dókítà Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Fà Á?

Iṣẹ́ abẹ ti parí, aláìsàn ti jí, ó ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkàn wọn sì ti balẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì í ṣàkíyèsí pé bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, tí ó dé wẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀, kò pàdé mọ́. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó sì rí i pé ọrùn náà ti wú. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan lè ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ibi tí abẹ bá kàn kò lè ṣàì wú díẹ̀. Ní yàrá kejì, dókítà lè sáré wọlé nítorí irú wíwú bẹ́ẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú ọgbẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ní yàrá kẹta, wọ́n lè ní kí aláìsàn lọ ya síkáànì, kí wọ́n sì fi ìyókù sí ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń wò wọ́n láti òde lè rò pé àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tàbí pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn tọ̀nà. Wíwú ọrùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe orúkọ àrùn; àmì ni, ohun tó sì lè wà lẹ́yìn àmì náà pọ̀. Òmíràn nínú wọn lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Iṣẹ́ dókítà ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ètò kan sì wà tí ó ń tẹ̀ lé. Èémí ni ó ń kọ́kọ́ wò, aago ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi tí wíwú náà wà àti ohun tí ìka bá bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń kẹ́yìn. Mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé ètò náà ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé ẹbí tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ìgbà tó yẹ kí òun pariwo àti ìgbà tó yẹ kí òun ní sùúrù.

## Kí ni wíwú gan-an, kí sì nìdí tí ti ọrùn fi yàtọ̀?

Ibi kan nínú ara máa ń wú nígbà tí ohun kan bá gba àyè ju bí ó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun náà kò ju márùn-ún lọ: ẹ̀jẹ̀, omi ara, ọyún, afẹ́fẹ́, tàbí ẹran ara fúnra rẹ̀ tó hù tàbí tó tóbi sí i. Bí dókítà bá ń béèrè ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn, ohun tó ń wá ni èwo nínú márùn-ún yìí ló wà lábẹ́ awọ. “Wíwú tuntun” ni a ń pè é bí kò bá sí níbẹ̀ kí aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè béèrè fọ́tò àtijọ́: nígbà mìíràn, kókó kan tó ti wà lọ́rùn láti ọdún pípẹ́ ni ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, nítorí pé àìsàn mú kí aláìsàn rù, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín.

Ọrùn jẹ́ ọ̀nà tóóró tí ẹrù kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ọ̀nà èémí gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà oúnjẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí orí àti àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù, èyí tí a ń pè ní gẹ̀gẹ̀ nígbà tí ó bá tóbi, wà níwájú; àwọn ẹṣẹ́ tó ń pèsè itọ́ wà lábẹ́ etí àti lábẹ́ àgbọ̀n; àwọn kókó kéékèèké tó ń bá kòkòrò àrùn jà sì wà káàkiri. Awọ inú tó lágbára wé gbogbo wọn pọ̀ bí ẹrù tí a fi okùn dì. Ikùn lè gba omi púpọ̀ kí ó tó há ènìyàn, ṣùgbọ́n ọrùn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ju ife kékeré kan lọ, bí ó bá sun síbẹ̀ kíákíá, tó láti dí ẹni lọ́wọ́ mímí.

## Èé ṣe tí dókítà fi ń wo èémí kí ó tó wo wíwú?

Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń sun lábẹ́ awọ ọrùn kì í dúró de àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí, bí i yíyọ gẹ̀gẹ̀, títún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn ṣe, tàbí títún eegun ọrùn ṣe láti iwájú, ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ wá sọ́kàn oníṣègùn ni pé iṣan kékeré kan ti tú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kó jọ sínú ibi tí wọ́n ti rán pa. Ikọ́ líle, èébì, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbéra lójijì nígbà tí aláìsàn ń jí lè fà á. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́: lẹ́yìn yíyọ gẹ̀gẹ̀, ó máa ń ṣe nǹkan bí ẹni 1 tàbí 2 nínú 100. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló máa ń yọjú láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù á sì yọjú kí wákàtí 24 tó pé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń dá aláìsàn bẹ́ẹ̀ dúró mọ́jú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ náà ń tẹ ọ̀nà èémí pa bí ẹni tẹ ike. Ó lè tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí ní kerekere tó mú un dúró, kò sì rọrùn láti tẹ̀. Ìdènà tó burú jù ń ti inú wá. Ẹ wo ilé tí omi ẹ̀rọ ń dà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, tí nǹkan sì dí gọ́tà tó yẹ kí omi náà gbà jáde. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sókè le, ó sì ń lù kìkì. Ohun tó ń tì í lára kò lè dá a dúró. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ló sì ń kọ́kọ́ pẹlẹbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rin sínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú gògóńgò, awọ náà ń wú sínú, ihò tí èémí ń gbà sì ń kéré sí i. Kí ẹni tó wà lóde tó rí i pé ọrùn náà tóbi, inú lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán.

Nítorí náà, dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi bí wíwú ṣe tóbi tó díwọ̀n ewu. Ó ń tẹ́tí, ó ń wo ojú. Ṣé aláìsàn ń sọ pé nǹkan ń fún òun lọ́rùn, tàbí pé pílásítà ojú ọgbẹ́ ti há jù? Ṣé ohùn rẹ̀ ti yí padà láti ìgbà tó ti jí? Ṣé ó ń tu itọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì? Ṣé ó kọ̀ láti dùbúlẹ̀, tó fẹ́ jókòó kí ó na ọrùn síwájú? Bí ìró híhan bí ìfé bá ti ń bá èémí rẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun ọrùn, ẹ̀jẹ̀ náà lè kó jọ sẹ́yìn ọ̀fun níbi tí ojú kò ti lè rí i, ọrùn á rí bí ọrùn tí nǹkan kan kò ṣe, aláìsàn kò sì ní lè gbé omi mì.

Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì túmọ̀, òun sì ni àìfararọ. Aláìsàn ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, ó ń fa aṣọ ya lọ́rùn, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rò pé ìrora ni, tàbí ẹ̀rù, tàbí pé oògùn akunnilóorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun, wọ́n ti gba agbára tó fi ń jà fún èémí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ pẹ̀lú, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ lè dúró ní 97 títí nǹkan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí. Aláìsàn ń sa gbogbo agbára rẹ̀ kí nọ́ńbà náà má bàa wálẹ̀. Bákan náà ni rọ́bà tí wọ́n tẹ̀ bọ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ jáde. Bí ìgò rẹ̀ bá ṣófo, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò sun: ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti dí rọ́bà náà.

Bí àmì wọ̀nyí bá pé jọ, àyẹ̀wò ti parí nìyẹn. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọrùn àti àwọn onímọ̀ nípa èémí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2022 sọ ọ́ láìfi bò: kí wọ́n ṣí pílásítà kúrò, kí wọ́n gé okùn tí wọ́n fi rán ọgbẹ́, kí wọ́n ṣí awọ, kí wọ́n ṣí ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dídì lè jáde, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀sì sí i títí tí aláìsàn yóò fi padà dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni wọn yóò ti ṣe é, ìlànà náà sì ní kí àwọn irinṣẹ́ tí wọn yóò lò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ba ẹbí lẹ́rù gan-an, ó sì yẹ kí ó bà wọ́n lẹ́rù, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ rí i kí wọ́n tú ọgbẹ́ tí wọ́n rán láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí àpẹẹrẹ gọ́tà yóò mọ ìdí rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ti jáde, iṣan fẹ́lẹ́ á là, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà padà, èémí á sì ní àyè díẹ̀. Gbígbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀rọ síkáànì nítorí kí a lè “rí i dájú” jẹ́ àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó burú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

## Kí ni aago ń sọ?

Bí èémí bá já gaara, àyè wà láti ronú, ìbéèrè tó sì ṣíwájú ni pé: láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ó ti tó wákàtí mélòó, tàbí ọjọ́ mélòó? Ìdáhùn rẹ̀ nìkan máa ń yọ ìdajì àwọn afurasí kúrò.

Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ṣíwájú, afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìwúlé tí oògùn fà. Bí ètè, ahọ́n àti ìpéǹpéjú bá wú pọ̀ mọ́ ọrùn, tí ara ń yún aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ kọ oògùn kan tí wọ́n fún un. Irú kan tún wà tí kì í yúnni rárá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ wọn parí sí “pril”, bí i lisinopril àti enalapril, lè mú kí ahọ́n àti ọ̀fun wú lójijì, kódà lára ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Nítorí náà, bí dókítà bá béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò nílé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tí kò kan ọrùn ló ń béèrè.

Bí ó bá di ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹwàá, omi ara àti ọyún ló ń gba iwájú. Omi ara máa ń rin sínú àyè tí ẹran tí wọ́n yọ fi sílẹ̀, bí omi ṣe ń rin sínú kòtò tí a gbẹ́ sí ilẹ̀ tútù. Wíwú rẹ̀ rọ̀, kì í gbóná, kì í sì í dunni púpọ̀. Ọyún kì í bá tirẹ̀ wá ní ìdákẹ́jẹ́: ojú ọgbẹ́ pọ́n, ó gbóná, ó ń ta aláìsàn, ibà sì lè bá a wọlé, ní pàtàkì lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Àárín ọjọ́ wọ̀nyí náà ni ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ńlá ọrùn tí wọ́n ti kọ́ rọ́bà dírípù sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ẹran ara ló kù: àpá tó ń ga sókè tó ń yún, okùn ìránsọ tí ara fi kókó kékeré yí ká, kókó tó wú nítorí àrùn, tàbí jẹjẹrẹ tó padà wá bí ó bá jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Aago kì í ṣe òfin o. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè sun ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ewu ti kọjá.

## Bí kì í bá ṣe ọrùn ni wọ́n là ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló máa ń da ẹbí láàmú jù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ikùn tàbí sí itan, ọrùn ló wú. Ṣé wọ́n ṣe àṣìṣe ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ etí. Ẹṣẹ́ itọ́ tó wà níbẹ̀ ń fẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jáde nígbà gbogbo, nítorí pé ìṣàn náà ló ń fọ ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Aláìsàn tí kò jẹ, tí kò mu, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ara rẹ̀ kò sì ní omi tó, kò ní itọ́ tó ń ṣàn. Kòkòrò inú ẹnu á gba ojú ọ̀nà náà wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti òkè ọrùn á wú bí ti ọmọ tí ṣegede mú, ọyún sì lè yọ sínú ẹnu bí wọ́n bá tẹ ibẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí: wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881. Àwọn dókítà là á lábẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fa ọyún jáde lára rẹ̀, kò lè jẹun dáadáa, ó ń bì, ó sì rù kan eegun. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ẹṣẹ́ itọ́ abẹ́ etí rẹ̀ wú, ó sì di ọyún. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, láìrí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn àti dírípù irú èyí tí a ní lónìí. Àwọn àgbàlagbà ni irú wíwú yìí ṣì máa ń bá jù. Irú wíwú ẹṣẹ́ itọ́ kan tó fúyẹ́ ju èyí lọ tún wà: bí orí aláìsàn bá wà ní yíyí sí ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí pípẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹṣẹ́ itọ́ lè wú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó jí, kí ó sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìsí ọyún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè eegun èjìká ní apá òsì, níbi tí ọrùn ti pàdé àyà. Paípù tín-ín-rín kan ń gbé omi ara àti ọ̀rá oúnjẹ láti inú ìfun gòkè gba inú àyà, apá òsì ọrùn yìí ló sì ti ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá mọ paípù kan ṣoṣo yìí yóò lóye ohun méjì tó jọ àdììtú. Bí abẹ bá kàn án nígbà tí wọ́n ń yọ kókó ọrùn, omi funfun bí wàrà á máa kó jọ síbẹ̀, á sì máa pọ̀ sí i bí aláìsàn bá ti jẹ ohun ọlọ́ràá. Bí jẹjẹrẹ bá sì wà nínú ikùn, ó lè gba ọ̀nà kan náà gòkè, kí kókó líle tí kì í dunni yọ sí apá òsì yìí gan-an. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe kókó náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Nítorí èyí, dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún kò ní fojú kéré kókó tó yọ síbẹ̀ rárá.

Bí wíwú bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ́ rọ́bà dírípù ńlá sí, rọ́bà náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fura sí. Bí ojú, ọrùn àti apá méjèèjì bá sì wú pọ̀, tí iṣan àyà yọ sókè gbọnrangandan, nǹkan ti dí ojú ọ̀nà ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà sí ọkàn, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kíákíá.

## Kí ni ìka dókítà ń wá lábẹ́ awọ?

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Kì í tẹ ibẹ̀ gírígírí. Ó ń gbé orí ìka mẹ́ta lé e, ó ń dúró, ó ń fún un ní ìtẹ̀ díẹ̀, ó tún ń dúró. Bí ohun tó wà lábẹ́ awọ bá ń lu ìka rẹ̀ sókè bí ọkàn ṣe ń lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ń tú sí àpò kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́. Bí ó bá tẹ apá kan tí apá kejì sì gbéra, omi tàbí ọyún ló wà níbẹ̀. Bí ó bá le bí òkúta tí kò sì ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ á lọ sí jẹjẹrẹ.

Èyí tí ènìyàn kì í gbàgbé bí ó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ni afẹ́fẹ́. Ó ń dún pẹrẹpẹrẹ lábẹ́ ìka, bí ìgbà tí a bá ń tẹ ìfófó ọṣẹ lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́. Kì í dunni púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè tàn dé ojú títí ìpéǹpéjú á fi pa dé, aláìsàn á sì yí padà débi tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní dá a mọ̀. Afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í sábàá ṣe ènìyàn ní ibi. Ibi tó ti jò wá ni dókítà ń wá. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ikùn oníhò kékeré ni, èyí tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí àyè lè wà, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ti rìn gòkè, ara á sì gbà á mu láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ àyà, ẹ̀dọ̀fóró lè ti jò. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti rọ́bà gba ọ̀fun ni, tí ìrora àyà àti ibà tẹ̀ lé e, ọ̀nà oúnjẹ lè ti ya. Ìyẹn ni wọn kì í fi ṣeré: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, títí wọ́n á fi rí òkodoro.

## Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń ṣe, kí sì nìdí tí gbogbo ènìyàn kì í fi í ṣe ọ̀kan náà?

Ìdí ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀. Síkáànì tí a fi ń wo ọmọ inú oyún dára fún ìyàtọ̀ láàárín omi àti ẹran, ó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan hàn. Wọ́n lè gbé e wá sórí bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn á sì wà ní ìjókòó. X-ray ń fi afẹ́fẹ́ hàn. Síkáànì CT, pẹ̀lú oògùn aláwọ̀ tí wọ́n ń fún sínú iṣan, ń fi ọyún tó farapamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọrùn hàn, ó sì ń sọ bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà. Nítorí pé aláìsàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja nínú rẹ̀, ẹni tí èémí rẹ̀ dúró gírí nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà lórí, tí wọ́n ń gbà sí ihò imú, ń jẹ́ kí wọ́n fojú rí bí inú gògóńgò ṣe wú tó.

Abẹ́rẹ́ ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù nínú wọn. Bí wọ́n bá fa omi jáde, àwọ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀: èyí tó mọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú jẹ́ omi ara, èyí tó ki tó ń rùn jẹ́ ọyún, èyí tó funfun bí wàrà ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò láti wọn ọ̀rá inú rẹ̀. Fún kókó tó le, abẹ́rẹ́ kan náà lè fa horo ara díẹ̀ tí wọ́n á yẹ̀ wò fún jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ọkàn lé e, nítorí pé iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ máa ń mú kí àwọn àmì àrùn inú ẹ̀jẹ̀ gòkè fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ sókè tàbí bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́ ló ṣe pàtàkì.

## Kí ni “ó máa lọ fúnra rẹ̀” túmọ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà bí ìdí bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ara díẹ̀ tí kò gbóná, tí kò pọ̀ sí i, sàn ní fífi sílẹ̀ ju kí a máa gún un lójoojúmọ́ lọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé kòkòrò wọlé. Ẹni tí wọ́n yọ kókó ọrùn fún lè máa rí i pé abẹ́ àgbọ̀n òun wú láàárọ̀, kí ó sì rọlẹ̀ ní ọ̀sán: àwọn ọ̀nà tí omi ara ń gbà ti dín kù, omi á sì kó jọ nígbà tó dùbúlẹ̀. Ìyẹn lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ohun tí ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ni pé kí dókítà sọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó retí pé yóò rọlẹ̀, àti ohun tó gbọ́dọ̀ mú wọn padà wá kí ọjọ́ náà tó pé.

## Kí ni ẹbí lè ṣe títí dókítà á fi dé?

Ẹ gbé aláìsàn jókòó. Ẹ má fi ọwọ́ ra ọrùn náà, ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ìdìpọ̀ aṣọ dì í pinpin, nítorí pé aṣọ tó bo ọrùn ń bo wíwú tó ń pọ̀ sí i. Bí ohùn, èémí tàbí gbígbé nǹkan mì bá ti yí padà, ẹ má fún un ní nǹkan jẹ tàbí mu, ẹ má sì dúró de àsìkò tí dókítà máa ń yí ká: ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé ọrùn ń wú, kò sì lè mí dáadáa. Bí ilé ni ẹ wà, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí èémí bá já gaara, tí wọ́n sì ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ fi bírò fa ìlà sí etí wíwú náà lára awọ, kí ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún wò ó, bóyá ó ti kọjá ìlà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò sí ìwé kan náà, àti ọjọ́ àti aago tí iṣẹ́ abẹ parí. Nígbà tí dókítà bá dé, ìlà náà àti aago ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án.